Owó tí mo san fún wẹ́bùsáìtì ìwé ìròyìn àtijọ́ kí n lè wá ìran ìyá ọkọ mi dé Írẹ́lándì: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Oṣù kan péré ló wà lọ́kàn mi láti san fún wẹ́bùsáìtì tó ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ yìí, kí n tó ṣẹ́jú mo ti bá ara mi lóṣù keje. Mi ò ní dárúkọ wọn o, torí ọ̀rọ̀ owó kan ṣì wà láàárín èmi àti wọn tí ò tíì tán, màá dé bẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni màá dárúkọ, torí kí n má parọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀fẹ́ yẹn ni mo ti rí èyí tó dùn mọ́ mi jù.

Ọkọ mi, ọmọ Lowell ní Massachusetts ni, Irish sì ni wọ́n máa ń pe ara wọn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tó bá di ọjọ́ St. Patrick wọ́n á wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n á mu bíà, ó parí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn mo bi mọ́mì ọkọ mi (orúkọ ni wọ́n ní kí n máa pè wọ́n, ẹnu mi ò gbà á rárá) pé ìlú wo gan-an ni wọ́n ti wá ní Írẹ́lándì. Wọ́n ní Cork, ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó jọ bẹ́ẹ̀ kẹ̀! Èmi tí ìyá bàbá mi kì í kí mi láàárọ̀ láìfi Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlálọmí kún un, tí mo mọ agboolé tí wọ́n ti bí bàbá tó bí bàbá mi l'Ọ́fà, tí mo mọ ẹni tó ń gbé yàrá yẹn báyìí àti ẹni tí wọ́n jọ ń jà lé e lórí. Cork yẹn tóbi o, kéèyàn ní Cork lòun ti wá kó sì dákẹ́ dà bíi kéèyàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lòun ti wá kó máa lọ. Lọ́dún tó kọjá ara mọ́mì ò yá díẹ̀, wọ́n wá ń sọ ọ́ tìwà tìṣe pé ì bá wu àwọn kí àwọn mọ̀. Bí mo ṣe gbé kọ̀ǹpútà sórí itan nìyẹn.

Ẹni tí ò bá tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á ní kí ló dé tí o ò kàn wo census. Census wo? Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà 1922, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pamọ́ sí ní Four Courts ní Dublin gbiná, census 1821, 1831, 1841 àti 1851 bá a lọ, àfi àwókù díẹ̀. Ti 1861 títí dé 1891 ńkọ́? Ìjọba fúnra wọn ló ti bà á jẹ́ kí iná tó dé. Èyí tó ṣẹ́ kù lódindi ni ti 1901 àti 1911, ọ̀fẹ́ ni National Archives wọn fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ àwọn tiwa ti sọdá òkun tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn. Ìbí ọmọ Kátólíìkì pàápàá, 1864 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sí ti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti bi wọ́n pé níbo la bí ọ sí, ohun tí akọ̀wé máa kọ ò ju "Ireland" lọ. Odindi erékùṣù!

Ìkéde òkú ló máa ń tú àṣírí. Ẹni tó wà láyé lè má fẹ́ sọ ibi tó ti wá, ìyà tó jẹ wọ́n níbẹ̀ pọ̀, ìyàn 1845 sí 1852 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pa ìtàn fọ́mọ. Àmọ́ tó bá ti kú, àwọn ọmọ á fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé èèyàn ni ìyá àwọn, wọ́n á ní sọ́ọ̀ṣì báyìí ló ń lọ, ẹgbẹ́ báyìí ló wà, àwọn wọ̀nyí ló gbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ ìlú tí oníkálukú wà tì í. Ẹ̀yin ẹ wo pósítà òkú tiwa, ṣé kì í ṣe bákan náà ni? Àwọn náà ń ṣe àìsùn òkú o, wake ni wọ́n ń pè é, òkú á wà nílé, ará àdúgbò á máa wọlé, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ olóògbé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìgbà tí mo ka èyí fún ìyá mi lórí fóònù, wọ́n ní "òyìnbó náà mọ ẹ̀yẹ òkú ṣe nígbà kan rí nìyẹn." Nígbà kan rí!

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rọ ló ka àwọn ojú ewé yẹn, kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ yẹn ò sì gbọ́n tó bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀. Ìyá tó bí bàbá àgbà mọ́mì ni mo ń wá, Sullivan ni wọ́n, níbi tí tádàwà bá ti parẹ́ díẹ̀ ẹ̀rọ á kà á sí Snllivan, á kà á sí Suliivan, ìgbà kan ó kà á sí Bullion, mo rẹ́rìn-ín mo sunkún. Mo ti mọ ọjọ́ tí ìyá kú látinú ìwé ikú ti ìpínlẹ̀ Massachusetts, 1908, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń tẹ orúkọ wọn síwá sẹ́yìn tí mi ò rí nǹkan kan. Àṣé wọn ò kọ orúkọ ìyá rárá! Láyé ọjọ́un tí obìnrin bá ti wọlé ọkọ, Mrs. ni wọ́n máa kọ, wọ́n á wá fi orúkọ ọkọ tì í, orúkọ àbísọ ọkọ àti ti bàbá ọkọ, orúkọ tí bàbá tiẹ̀ sọ ọ́ wọgbó. Àwa náà ń pe èèyàn ní Ìyá Tàjù lóòótọ́ àmọ́ ọjọ́ tó bá kú ṣá a ó kọ orúkọ ẹ̀ sójú pósítà.

Mo wá ronú pé bí orúkọ bá ń ṣini lọ́nà, ojúlé ò lè ṣini lọ́nà. Census 1900 ti sọ fún mi pé Adams Street ni wọ́n ń gbé, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní the Acre, ibi tí àwọn lébìrà Irish tẹ̀dó sí látìgbà tí Hugh Cummiskey ti kó wọn fẹsẹ̀ rìn wá láti Charlestown ní 1822 kí wọ́n wá gbẹ́ ipa omi fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ. Mo yọ orúkọ kúrò, mo tẹ Adams Street, mo fi ọ̀sẹ̀ tí ìyá kú sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní bíi aago kan òru, mo rí wọn.

Ìlà mọ́kànlá péré. Lápá òsì ìpolówó oògùn ikọ́ ni, ìpolówó bàtà wà nísàlẹ̀, ìyá wa wá há sáàárín wọn bí ẹni tó ń bá wọn pàtẹ. Etí ọ̀tún ojú ewé dúdú níbi tí wọ́n ti di ìwé pọ̀, ọ̀rọ̀ tó parí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wọnú òkùnkùn lọ. Ó kú lánàá nílé rẹ̀, ó ti pẹ́ nílùú, ọmọ ìjọ St. Patrick tòótọ́ ni. Ó fi ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin méjì sáyé, pẹ̀lú àbúrò ọkùnrin kan ní Butte, Montana, àti ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní "Ire", "land" tó kù wà nínú òkùnkùn yẹn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní: Cork papers please copy.

Mi ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó dìgbà tí mo rí i lára òkú mẹ́rin mìíràn lójú ewé kan náà, ọ̀kan ní kí ìwé ìròyìn Kerry dà á kọ, òmíì ní Boston. Wọ́n ń bẹ àwọn ìwé ìròyìn tòdìkejì òkun ni pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tún ìròyìn yìí tẹ̀, kí ará ilé lè gbọ́. WhatsApp ìgbà yẹn nìyẹn o, ẹ forward ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìran Irish, ìlà kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó ka ohun tó wà lókè ẹ̀.

Butte yẹn ló wá gbà mí lọ́kàn. Kí ló gbé ọmọ Cork dé orí òkè Montana? Bàbà ni. Allihies wà ní ìkángun Beara, ní ìwọ̀ oòrùn Cork lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni ìdílé Puxley ti ń wa bàbà láti 1812, nígbà tí iṣẹ́ ibẹ̀ wá ń kú lọ àwọn awakùsà kó ẹrù wọn, wọ́n gba Butte lọ, níbi tí Marcus Daly tóun náà jẹ́ ọmọ Irish láti Cavan ti ń gba èèyàn síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàbà Anaconda. Ẹni tó bá ti débẹ̀ á fa àbúrò, àbúrò á fa àna, bí àwọn tiwa ṣe ṣe ní Houston gẹ́lẹ́. Mo kúrò lórí wẹ́bùsáìtì olówó yẹn, mo lọ sórí Montana Newspapers tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì, mo rí àbúrò ìyá, wọ́n ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọmọ bíbí Allihies, ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti ṣaláìsí ní Lowell. Mo pariwo débi tí ọkọ mi fi sáré jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn o. Ìkéde òkú ìyá kọ́ ló sọ ìlú ìyá, ti àbúrò ló sọ ọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ìkéde òkú ẹni tẹ́ ẹ ń wá tán, ẹ má dúró, ẹ wá ìkéde òkú gbogbo àwọn tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀, èyí tẹ́ ò fọkàn sí nínú wọn ló máa sọ òtítọ́.

Láti Allihies ó kù sọ́wọ́ National Library of Ireland, tí wọ́n ti gbé ìwé ìrìbọmi àwọn Kátólíìkì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015, àwòrán ojú ewé ni o, kò sí ẹ̀rọ tó máa bá yín wá orúkọ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi ojú yín kà á. Lẹ́tà fàdá burú, àwọn ibì kan Látìn ni, Sullivan sì wà lé Sullivan lórí, wọ́n pọ̀ ní Beara débi pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi orúkọ àlàjẹ́ ya ẹbí kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ìdílé kan á jẹ́ Sullivan pupa, ìdílé kan á jẹ́ Sullivan funfun. Ọ̀tọ̀ tún ni pé àkọ́bí ọkùnrin, orúkọ bàbá bàbá ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ ọ́, Babátúndé lójoojúmọ́, ọmọ bàbá kan náà mẹ́rin á wá ní ọmọ mẹ́rin tó ń jẹ́ orúkọ kan. Ìwé ikú Massachusetts ló gbà mí, torí wọ́n kọ orúkọ bàbá àti ìyá olóògbé síbẹ̀, mo fi orúkọ méjèèjì dọdẹ. Mo rí i. 1846. Ìwé ìròyìn ní ọmọ ọdún 56 ni ìyá nígbà tí wọ́n kú ní 1908, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, ìyá ti gé ọdún mẹ́fà dànù sójú òkun. Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ìran àwọn nìyẹn lóòótọ́. (Àwọn tó kù sílé ní Írẹ́lándì, sísọ ni wọ́n ń sọ ọ́ di púpọ̀ ní tiwọn, torí nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún arúgbó ẹni 70 ọdún lówó ní 1909, àwọn kan wà tó fi ọdún tó ju 10 lọ dàgbà láàárín census 1901 àti ti 1911.)

Ó yá, ẹjọ́ mi pẹ̀lú wẹ́bùsáìtì olówó. Ọjọ́ méje ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fà mí wọlé, wọ́n gba nọ́ńbà káàdì kí n tó rí ojú ewé kan ṣoṣo. Mo rò pé oṣù kan ni mo tẹ̀, àṣé àmì ti wà nínú àpótí oṣù mẹ́fà tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin tójú yín ń ríran dáadáa lóru ẹ lè rí i, èmi ò rí i. Wọ́n fa owó oṣù mẹ́fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ó pé wọ́n tún fa òmíì, kò sí ìmeèlì kankan kó tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ̀wé, róbọ́ọ̀tì dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ó bá mi kẹ́dùn. Mo tún kọ̀wé, èèyàn dá mi lóhùn wàyí, ó ní kí n lọ ka àdéhùn. Wọ́n ti dá ìdajì padà, a ṣì ń fa ìdajì tó kù. Ohun tó tún bí mi nínú ni pé lẹ́yìn gbogbo owó yẹn àwọn ojú ewé kan wà tí wọ́n fi àgádágodo sí, wọ́n ní ìpele kejì ni, kí n fowó kún un. Mo tún rí ojú ewé kan tí mo sanwó wò lọ́dọ̀ wọn lórí Chronicling America ti Library of Congress lọ́fẹ̀ẹ́, ojú ewé kan náà gangan, pẹ̀lú àbàwọ́n tádàwà tó rí bí aláǹgbá lókè lápá òsì. Ó ju mílíọ̀nù 20 ojú ewé lọ lórí Chronicling America yẹn, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní káàdì.

Kí n má fi ìbínú pa òtítọ́ mọ́ra o. Ìwé ìròyìn Lowell ti ọ̀sẹ̀ tí ìyá kú, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni mo ti rí i. Bí wọ́n ṣe jẹ́ kéèyàn gé ibi tó fẹ́ lójú ewé, kó fi ọjọ́ àti orúkọ ìwé sí i, kó fi ránṣẹ́, ó dára gan-an, àwọn ọ̀fẹ́ ò ṣe é débẹ̀. Lórí fóònù ó ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà á tóbi, kò ní fọ́. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, ìyá ló ni ín.

Ẹ ti láíbírì bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni. Ẹni tó bá ń gbé Massachusetts lè gba káàdì Boston Public Library lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀ pọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì yín lẹ máa wà. Ẹ tún wo ìpolówó "Missing Friends" tó wà nínú ìwé ìròyìn Boston Pilot láti 1831 sí 1921, Boston College ti kó wọn jọ síbì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ò rí tiwa níbẹ̀ àmọ́ mi ò lè kúrò níbẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta, ìyàwó ń wá ọkọ tó wọkọ̀ ojú omi ṣíwájú tí kò kọ̀wé mọ́, ẹ̀gbọ́n ń wá àbúrò tí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n pínyà, wọ́n á kọ orúkọ ìjọ, orúkọ abúlé, ọkọ̀ tó wọ̀, gbogbo ohun tí census ò bi wọ́n ni wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ níbẹ̀.

Ẹ má sì gba gbogbo ohun tí ìdílé bá fẹnu sọ. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ti Annie Moore, ọmọ Cork náà ni, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọlé ní New York, wọ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1892. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé Texas ló lọ, ibẹ̀ ló kú sí, àwọn ẹbí kan ní Texas gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, wọ́n ń lọ ayẹyẹ. Ó di 2006 kí wọ́n tó fi ìwé wádìí ẹ̀ pé Annie Moore ti Texas yẹn, Illinois ni wọ́n bí i sí, kò wọ ọkọ̀ ojú omi kankan, àti pé Annie gidi ò kúrò ní Manhattan, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, tó bímọ, tó kú ní 1924, ó wà ní ibojì Calvary ní Queens, kò sì sí òkúta lórí ẹ̀ títí di 2008. Mo sọ ọ́ fún mọ́mì, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú pé ìyá tí mo rí yẹn, tàwọn ni? Mo gbé ìwé ìrìbọmi, ìwé ikú àti ìkéde òkú méjèèjì jọ sórí tábìlì níwájú wọn. Wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Pósítà òkú bàbá àgbà tèmi, orí ògiri ni mo ti rí i gbẹ̀yìn l'Ọ́fà, òjò ti pa ìdajì ẹ̀, ẹnì kankan nínú ilé wa ò ní ẹ̀dà. Mo ti ránṣẹ́ sí bùọ̀dá mi pé kí wọ́n lọ bá mi wo inú àpótí.

Mọ́mì ti ní kí n tẹ ìlà mọ́kànlá yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà, ó wà lára fíríìjì wọn báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé dókítà. Wọ́n wá bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn tí wọ́n ló wà ní "Ire" ńkọ́, ta ni, ṣé ó bímọ. Nítorí ẹ̀ mo ti tún san oṣù kan, oṣù kan o, mo fi ọwọ́ ara mi yọ àmì kúrò nínú àpótí yẹn, ọkọ mi wà níbẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, mo sì ti fi álàámù ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n sí fóònù mi àti sí tiẹ̀.